Ọjọ́ tí mo mú Màámi lọ wo Èkó àtijọ́, tí oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wọ́n lọ́wọ́ mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra láti mú ìyá yín, bàbá yín tàbí àwọn ọmọ kéékèèké lọ wo àwọn ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó wọ bàtà. Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín o, ibẹ̀ dára láti lọ, èmi fúnra mi ṣì ń lọ. Àmọ́ ohun tójú mi rí lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹta, mi ò fẹ́ kójú ẹlòmíì rí i.

Màámi ti lé ní àádọ́rin ọdún, 71 ni wọ́n nígbà yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá wọn fínra tipẹ́, oríṣi oògùn méjì ni wọ́n sì ń lò sí i, ọ̀kan nínú ẹ̀ ni èyí tó ń mú èèyàn tọ̀ léraléra. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Póópó Àgùdà ni wọ́n bí wọn sí, ìyẹn àdúgbò àwọn Àgùdà, àwọn tí baba ńlá wọn jẹ́ ẹrú ní Brazil tí wọ́n padà wá sí Èkó. Àdúgbò Bámgbóṣé ni wọ́n dàgbà sí, níbi tí wọ́n ti ń jẹ fùrèjọ́n, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ Rere, tí àwọn eléré Kàrẹ́tà tó ń wọ aṣọ aláràbarà á máa jó kiri ojú títì. Ìgbà tí wọ́n lọ́kọ sí Mushin ni wọ́n kúrò níbẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ní Kétu ni wọ́n sì wà báyìí.

Kẹ́ ẹ lè mọ ìdí tí mo fi kánjú tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Fún ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi bá ẹnì kan tajà ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan ní Balógun. Àràárọ̀ ni mò ń gba Ìta Tinúbú kọjá, alaalẹ́ ni mò ń gbabẹ̀ padà. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ lọ́nà tàwọn Àgùdà lọ́dún 1855, ìdílé Fernandez ló kọ́kọ́ ni ín, ìjọba sì ti kéde lọ́dún 1956 pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ni. Màámi máa ń bi mí léèrè pé, "O ò kọjá níwájú ilé Fernandez lónìí? Ṣé fèrèsé ẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà?" Màá ní ó wà. Mi ò wò ó. Nínú gbogbo ọdún mẹ́rin yẹn, mi ò gbójú sókè wo fèrèsé yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo kàn ń sọ pé ó wà ni. Lọ́jọ́ Sunday 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, tí Iléyá ku ọ̀la, wọ́n wó o lulẹ̀. Nígbà tá a fi ṣọdún tán tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, àlàpà ni mo bá. Mo délé mo sọ fún Màámi, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń fi àtàǹpàkò nu etí ìrọ̀rí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń nù ún wọ́n ń nù ún.

Àtìgbà yẹn ni ìbẹ̀rù ti wọ̀ mí, pé àwọn tó kù náà á lọ, pé tí n bá tún fi falẹ̀, Màámi ò ní rí wọn mọ́, àwọn ọmọ mi ò sì ní bá wọn rárá. Mo tún wá fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ pé "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ìgbà tí mo wá máa ṣe é, mo fẹ́ fi ọjọ́ kan san gbogbo gbèsè náà.

Mo mú bírò, mo kọ ibi mẹ́sàn-án sínú ìwé: Tafawa Balewa Square (TBS), Músíọ̀mù Oníkan, Freedom Park, Kàtídírà Kristi ní Màrínà, Ilé Omi ní Kakawa, Ìta Tinúbú, mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, Ìdúmọ̀tà, Ìgà Ìdúngànràn tó jẹ́ ààfin ọba Èkó. Ẹsẹ̀ la máa fi rìn ín, ọjọ́ kan náà la máa ṣe é tán. Mo wò ó lórí fóònù, mo rí i pé kò jìnnà síra wọn, òótọ́ sì ni, kò jìnnà. Ọmọ ogún ọdún á rìn ín tán láìmí. Àmọ́ fóònù ò mọ ẹni tí mo fẹ́ mú dání, kò sì sọ fún mi pé oṣù Kejì sí oṣù Kẹta gan-an looru Èkó máa ń le jù.

Aago mẹ́jọ la ní a máa jáde. Mo ti rán ankara kan náà fún àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tèmi, ti Màámi, tàwọn ọmọ méjèèjì, torí fọ́tò. Màámi fẹ́ wé gèlè tó duro, ọmọbìnrin mi ní kí n tún irun òun ṣe, àbíkẹ́yìn mi ń wá ìbọ̀sẹ̀. Ká tó dé bọ́sítọ́ọ̀pù BRT ní Kétu, ó ti ń lọ sí aago mọ́kànlá, owó inú káàdì Cowry tí mo fi ń wọ bọ́ọ̀sì ò tó, mo tún lọ tò láti fi owó sí i. Ìgbà tá a máa sọ̀ kalẹ̀ ní TBS, ọ̀sán ti pọ́n. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ló sì bí gbogbo ìyókù. Tẹ́ ẹ bá rí i pé aago mẹ́wàá ti bá yín nílé nínú oṣù Kẹta, ẹ bọ́ aṣọ yẹn, ẹ se ìrẹsì jẹ, ẹ fi í sọ́jọ́ míì. Ojú ò ní tì yín.

Níwájú géètì TBS, níbi táwọn ẹṣin funfun ńláńlá yẹn wà lókè, Màámi dúró. Wọ́n ní pápá eré ẹṣin ni gbogbo ibẹ̀ nígbà táwọn wà ní kékeré, Race Course ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ àsíá àwọn Òyìnbó kalẹ̀ tí wọ́n fa tiwa sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1960. Wọ́n ní wọ́n pín kọ́ọ̀bù àti àsíá kékeré fún àwọn ọmọ ilé ìwé, pé ẹ̀gbọ́n àwọn gba kọ́ọ̀bù tiwọn fi ń mu ẹ̀kọ… Mo gé ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ, a ti pẹ́." Ohun tí mo torí ẹ̀ mú wọn wá gan-an ni wọ́n fẹ́ sọ yẹn o, àwọn ọmọ náà sì ti dákẹ́ tí wọ́n ń gbọ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Músíọ̀mù ò jìnnà síbẹ̀. Ẹ wọ ibẹ̀, ẹ má kàn kọjá. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Kenneth Murray ló dá a sílẹ̀, ó ṣí lọ́dún 1957, iṣẹ́ idẹ àti amọ̀ àwọn baba ńlá wa wà níbẹ̀. Mọ́tò Mercedes dúdú tí wọ́n yìnbọn pa Murtala Muhammed sí ní 13 oṣù Kejì ọdún 1976 wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ojú ìbọn sì wà lára ẹ̀ títí dòní. Àbíkẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ihò náà pẹ̀lú ìka láìfọwọ́ kàn án, ó kà á, ó pàdánù oǹkà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì béèrè nǹkan kan títí a fi jáde, ó wá ní, "Mọ́mì, ṣé ó gbọ́ ariwo ẹ̀?" Mi ò mọ èsì tí n ó fún un. Wọ́n ní ká má ya fọ́tò nínú ilé, a ò yà. Màámi rí ìjókòó kan níbẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n sì ń mí dáadáa, inú ilé yẹn tutù díẹ̀. Ká ní mo jẹ́ kí wọ́n lo wákàtí kan níbẹ̀ ni, bóyá mi ò ní kọ eléyìí. Ogún ìṣẹ́jú la lò.

Omi ńkọ́? Ike méjì péré ni mo gbé, èèyàn mẹ́rin. Mo na ọ̀kan sí Màámi, wọ́n kan ètè mọ́ ọn, wọ́n dá a padà. "Òùngbẹ ò gbẹ mí." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi lọ̀ wọ́n láàárín Oníkan sí Broad Street, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n ní rárá. Mo gbà á gbọ́. Àwọn ọmọ mu gbogbo ẹ̀ tán.

A wọ Freedom Park. Ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀wọ̀n Broad Street tàwọn Òyìnbó kọ́ ní nǹkan bí 1882. Herbert Macaulay jẹ ẹ̀wọ̀n níbẹ̀, Awólọ́wọ̀ náà débẹ̀. Ọdún 1979 ni wọ́n wó o, ó di àkìtàn, títí ọ̀gbẹ́ni Theo Lawson, ayàwòrán ilé, fi tún un ṣe di ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n ṣí lọ́dún 2010 nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún. Ibi tí wọ́n ti ń so èèyàn kọ́ láyé ìgbà náà ni pèpéle eré wà lónìí. Igi wà, òjìji wà, ibi ìtọ̀ wà. Màámi ń wò yíká. Mo rò pé ọgbà yẹn ni wọ́n ń wò. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Láti ibẹ̀ la bọ́ sí Broad Street, aago kan ti kọjá. Ẹni tó bá mọ Broad Street lọ́sàn-án Sátidé á mọ̀ pé kò sí igi. Ilé gíga ní ọ̀tún, ilé gíga ní òsì, gíláàsì ara wọn ń da oòrùn padà sí yín lójú, jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn ń tú ooru sí yín lẹ́sẹ̀, èéfín ẹ̀ á wá dúró sí yín láyà. Ọ̀dà ojú títì ti rọ̀ débi pé bàtà ọmọbìnrin mi ń lẹ̀ mọ́ ọn. Mo wẹ̀yìn, mo rí i pé Màámi ti ń fi ọwọ́ kan ògiri rìn. Mo ní bóyá ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n ni. A ò tiẹ̀ wọ Kàtídírà mọ́, mo kàn nàka sí i.

Ní Kakawa ni mo ti tún ṣe àṣìṣe míì tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Ilé Omi wà níbẹ̀, ilé ìdílé da Rocha, Àgùdà ni wọ́n, João Esan da Rocha ló kọ́ ọ, ọmọ ẹ̀ Candido sì lówó débi pé títí dòní tẹ́ ẹ bá ń béèrè owó lọ́wọ́ ọmọ Èkó jù, á ní "ṣé èmi ni Da Rocha ni?" Kànga wà nínú ilé yẹn, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń ra omi tó mọ́ nígbà tí kò sí omi ẹ̀rọ, òun ló fi ń jẹ́ Ilé Omi. Bí mo ṣe débẹ̀ mo gbé fóònù sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò. Ọkùnrin kan pariwo mọ́ mi láti ẹ̀gbẹ́ ilé, "Àǹtí, ta ló fún yín láṣẹ?" Àwọn ọmọkùnrin méjì míì náà sún mọ́ wa, wọ́n ní kí n mówó wá. Ọkàn mi gbóná, mo ní ojú títì ni mo dúró sí. Ariwo bẹ̀rẹ̀. Màámi ló wá síwájú, wọ́n tẹrí ba díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú ilé o. Ẹ má bínú, ọmọ mi ni, ọmọ àdúgbò yìí lèmi náà, Bámgbóṣé la wà." Kíá ni gbogbo ẹ̀ rọlẹ̀, ọkùnrin yẹn tiẹ̀ ń bi wọ́n ní orúkọ ìdílé wọn. Ohun tí mi ò rò nìyẹn: púpọ̀ nínú àwọn ilé yìí, èèyàn ṣì ń gbé àyíká wọn, aṣọ wọn wà lórí okùn, ọmọ wọn ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ẹ kí onílé kẹ́ ẹ tó gbé fóònù jáde. Ẹ ní owó wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, kì í ṣe fún ìjà, fún ẹ ṣeun ni. Ẹ má sì dúró sí etí títì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, olè tó bá já a gbà ò ní dúró gbọ́ àlàyé yín.

Àmọ́ ìkíni yẹn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ọkùnrin náà sọ, inú oòrùn ni wọ́n ti sọ ọ́, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Níwájú ilé tí gbogbo Èkó ti ń mu omi láyé àtijọ́, ọ̀fun ìyá mi gbẹ.

A dé Ìta Tinúbú. Orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú ni wọ́n fi sọ ibẹ̀, obìnrin oníṣòwò tí wọ́n lé kúrò l'Ékòó lọ́dún 1856 tó sì kú sí Abẹ́òkúta lọ́dún 1887. Àwọn ará Lẹ́bánónì tó ń gbé Èkó ló ṣe ibi tí omi ti ń tú jáde yẹn ní ẹ̀bùn nígbà òmìnira ní 1960. Mò ń sọ gbogbo èyí fún àwọn ọmọ, ohùn mi ń ròkè torí ariwo ọjà, nígbà tí mo rí i pé Màámi ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọ́n ti lọ dúró sí ọ̀kánkán ibi tí ilé Fernandez wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n kàn dúró síbẹ̀ nínú oòrùn, wọ́n gbé orí sókè bí ẹni tó ń wo fèrèsé. Mo sún mọ́ wọn. Ojú wọn pupa, ètè wọn funfun, òógùn ti rin gèlè wọn dé ọrùn. Wọ́n wò mí, wọ́n fi orúkọ àbúrò wọn obìnrin tó ti kú pè mí. Wọ́n ní, "Ilẹ̀ ń yí." Orúnkún wọn sì yẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe mú wọn. Mo mọ̀ pé orí wọn bọ́ sí mi láyà, ara wọn gbóná, ọwọ́ wọn sì tutù. Mo ń pariwo "Màámi! Màámi!" ọmọbìnrin mi ń sunkún. Ìyá kan tó ń ta bẹ́líìtì àti pọ́ọ̀sì lábẹ́ agboòrùn ńlá ló fò dìde, ó ní, "Ẹ gbé wọn wá síbí! Ẹ tú gèlè yẹn! Ẹ tú u jàre, ẹ yé pariwo!" Ó fi àpótí tó ń jókòó lé sílẹ̀ fún wọn. Ó já píọ̀ wọ́tà tútù, ó dà á sí aṣọ kan, ó fi nù wọ́n lọ́rùn, ó fi sí abẹ́ apá méjèèjì, ó ní kí àbíkẹ́yìn mi máa fi páálí fẹ́ wọn. Ìyá yẹn ò mọ̀ wá rí. Nígbà tí Màámi ṣe ojú sí wa dáadáa tí wọ́n lè gbé nǹkan mì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn lómi, ẹnu kékeré kékeré. Mo fẹ́ sún un síwájú pé kí wọ́n mu púpọ̀, ó gbá ọwọ́ mi kúrò, ó ní wọ́n á bì í. Wọ́n bì díẹ̀ lóòótọ́.

A gbé táàsì lọ sí ilé ìwòsàn kan tí kò jìnnà. Ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ sí 90 lórí 58, ìyẹn ìyá tí mò ń sọ pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n fà wọ́n lómi. Nọ́ọ̀sì tó dúró tì wá ló là mí lóye: tó bá jẹ́ àgbàlagbà, ara ẹ̀ kì í tètè sọ fún un mọ́ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ẹ má dúró kó béèrè. Oògùn tó ń mú wọn tọ̀ yẹn ti ń fa omi jáde lára wọn láàárọ̀, òógùn tún ń fa èyí tó kù, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kejì sì ń fa ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ sí i. Ó ní kí n má fọwọ́ ara mi dá oògùn wọn dúró o, pé tá a bá tún máa jáde nínú ooru, ká kọ́kọ́ bi dókítà wọn bó ṣe yẹ kí wọ́n lò ó lọ́jọ́ náà. Ó ní tí ẹnikẹ́ni bá ti ń sọ ìsọkúsọ nínú oòrùn, tàbí tí kò dá èèyàn mọ̀, tàbí tó dákú, tàbí tí ara ẹ̀ gbóná janjan tí òógùn sì dáwọ́ dúró, kì í ṣe ọ̀rọ̀ "ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀," ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa fi omi tutù sí i lára bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó wà, ẹ má da omi sí i lẹ́nu rárá.

Orúkọ àbúrò wọn tí wọ́n pè mí yẹn, àmì ni. Mi ò mọ̀. Mo rò pé ìrántí ni.

Ibi tí wọ́n ti ń fà wọ́n lómi ni mo ti bi wọ́n pé, "Màámi, kí ló dé tẹ́ ò mu omi tí mo fún yín?" Wọ́n kọjú sí ògiri. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní, "Tí mo bá mu ún màá fẹ́ tọ̀. Mi ò fẹ́ máa wá ibi tí màá ti tọ̀ kiri láàárín Èkó bí ọmọdé, lójú àwọn ọmọ ẹ." Wọ́n ní láàárọ̀ gan-an wọn ò mu ju ìdajì kọ́ọ̀bù tíì lọ. Ní Freedom Park, ibi ìtọ̀ ni wọ́n ń wò kiri, ojú tì wọ́n láti béèrè, èmi náà sì ń pariwo pé ká máa lọ.

Mo ra ankara, mo wá ìtàn ilé mẹ́sàn-án, mo mọ ọdún tí wọ́n kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mi ò sì fi ìṣẹ́jú kan rò ó pé níbo ni ìyá mi máa ti tọ̀.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mò ń wá báyìí ká tó jáde ni ibi ìtọ̀. Mo máa ń pè tàbí kí n lọ fúnra mi lọ́jọ́ iṣẹ́ láti wò ó bóyá ó mọ́, bóyá àtẹ̀gùn pọ̀, bóyá wọ́n ti ń ṣí i láàárọ̀. Mo máa ń sọ fún Màámi nílé, láìsí ọmọ nítòsí, pé "ibi báyìí wà, ibi báyìí náà wà." Ó yà mí lẹ́nu bí wọ́n ṣe ń mu omi láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Bákan náà, ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tí omi ti gbẹ lára ẹ̀, ò kúrò nínú báàgì mi mọ́. Tí ò bá sí, ẹ lè pò ó nílé: omi tó mọ́ lítà kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí kò kún kọjá etí, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ bi dókítà ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún un.

Mi ò lè gbójú sókè wo Màámi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè láti Ìbàdàn, ó bá mi wí gidi, ó ní ṣé fọ́tò ni mo fẹ́ fi ìyá rà. Mi ò dá a lóhùn. Màámi gan-an ló sọ̀rọ̀ fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ní, "A ò tíì dé mọ́ṣáláṣí Shitta o."

Mo dúró di oṣù Kẹjọ, nígbà tí òjò dá díẹ̀ tí ojú ọ̀run ṣì ṣú, tí atẹ́gùn ń fẹ́ láti òkun. Ọjọ́ Sunday la lọ, torí lọ́jọ́ Sunday ọjà Balógun àti Ìdúmọ̀tà kì í kún bíi ti ọjọ́ iṣẹ́, èèyàn lè gbójú sókè wo ilé láìjẹ́ pé alábàárù kan kọlù ú. Títì tó dá máa ń dá jù nígbà míì náà, fún ìdí èyí mo mú ọmọ ìyá ọkọ mi tó mọ àdúgbò náà dání. Aago mẹ́fà ààbọ̀ la jáde. Aṣọ fúyẹ́fúyẹ́, sálúbàtà, fìlà fún àwọn ọmọ, agboòrùn kan, àpótí kékeré tó ṣeé ká fún Màámi. Ibi méjì péré ló wà nínú ìwé.

Ní Martins Street, mo kí àwọn bàbá tó jókòó níwájú mọ́ṣáláṣí, mo ní Póópó Àgùdà ni ìyá mi, pé a fẹ́ wò ó, tó bá rọrùn. Kìràkìtà kankan ò sí níbẹ̀. A bo orí, a bọ́ bàtà. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà sọ fún àwọn ọmọ pé ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i, pé Mohammed Shitta ló fi owó ara ẹ̀ kọ́ ọ, pé ọba àwọn Túrúkì, Sultan Abdul Hamid, rán Quilliam, Òyìnbó mùsùlùmí, wá láti Liverpool, ọjọ́ yẹn ni wọ́n sì fún Shitta ní oyè Bey tí ìdílé wọn ń jẹ́ títí dòní. Ọmọbìnrin mi béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Bàbá náà ní Àgùdà ni, João Baptista da Costa. Ọmọ náà ní, "Ṣebí Àgùdà ni Kátólíìkì?" Màámi ní, "Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ni wọ́n ń pè."

Wọ́n dìde láti orí àpótí wọn. Wọ́n lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níta, níbi tí òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ya wà, wọ́n fi ìka tẹ̀ lé ìlà ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, títí ibi tí ọwọ́ wọn lè dé mọ. Wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Wá wò ó. Bó ṣe rí lókè fèrèsé ilé Fernandez nìyí. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí." Lọ́tẹ̀ yìí mo gbójú sókè, mo wò ó dáadáa, mo jẹ́ kí wọ́n sọ gbogbo ẹ̀ tán: ìyá àgbà tó máa ń jókòó síbi fèrèsé yẹn, ohun tó ń tà, bí wọ́n ṣe máa ń sáré gba abẹ́ ẹ̀ lọ sí Màrínà lọ wo ọkọ̀ ojú omi. Ó tó wákàtí kan. Àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀.

A dé iwájú Ìgà Ìdúngànràn lẹ́yìn ìyẹn, Màámi sọ fún wọn pé oko ata ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, oko olóyè Àrómirẹ́, kí ọba tó fibẹ̀ ṣe ààfin. A ò wọlé, a ò tíì tọrọ àyè. Aago mẹ́wàá kò tíì lù tá a fi wà nínú bọ́ọ̀sì padà sí Kétu, Màámi sì ti mu ike omi kan tán.

Kakawa ló kàn, ní oṣù Kejìlá. Mo ti padà lọ bẹ ọkùnrin tó pariwo mọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, mo mú bísíkíìtì dání. Ó ní ká wá láago mẹ́jọ, àti pé ibi ìtọ̀ wà nílé òun.